Ìdajì Mercedes bàbá mi, Òǹdó ni wọ́n ti kàn án

Tí mo bá ti sọ fún èèyàn pé à ń tún lọ́rì bàbá mi ṣe, nkan tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ẹ́ńjìnì ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń dún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bọ́dì. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, mi ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ẹ́ńjìnì, èèyàn á lọ sọ́jà, á sanwó, á gbé e délé. Bọ́dì lọ́rì yẹn, kò sọ́jà tí wọ́n ti ń tà á.

Náìn-ẹlẹ́fìn ni lọ́rì ọ̀hún, Mercedes 911, onímú kúkúrú tí ẹ ti rí lójú títì láìmọye ìgbà, ì báà jẹ́ Sókótó lẹ wà ì báà jẹ́ Enugu. Ọdún 1959 ni wọ́n gbé ìran ẹ̀ jáde ní Jámánì, nọ́ńbà ara ẹ̀ sì ní ohun tó ń sọ: 9 ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù gbọ́dọ̀ wọ̀n pa pọ̀, 11 yẹn ni agbára ẹṣin 110. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ bá wọ̀n tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, márùn-ún ló kù fún ẹrù, àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, ó túmọ̀ sí pé ọgọ́rin àpò ló yẹ kó gbé. Tí bàbá mi bá gbọ́ ọgọ́rin àpò yìí, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ọgọ́rin kẹ̀! Ọgọ́rin ni wọ́n á fi tẹ́ ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù gan-an.

Mọ́tò bọ́ọ̀yì ni bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀, lórí Bedford, bọ́ọ̀lẹ̀kájà gidi. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fò bọ́ọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, kí wọ́n sáré ju wẹ́jì onígi sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó fọkàn tán bíréèkì lórí òkè. Orí ọkọ̀ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, sítíárìn Bedford tiwọn sì ṣì wà lápá ọ̀tún bó ṣe wà, ọ̀gá ò rí ọ̀nà mọ́ tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, àfi kí bàbá mi yọ orí àti àyà jáde lápá òsì kí wọ́n máa pariwo "Dúró! Dúró! Ó ń bọ̀! Ó ti kọjá, máa lọ!" Tí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún wa wọ́n á dìde lórí àga ṣe é, màmá mi á ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má baà fọ́ nkan.

Luton ló ni Bedford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ohun tó ń bọ̀ látọ̀hún nígbà yẹn ò ju ṣásí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀), ẹ́ńjìnì àti imú ẹ̀ lọ. Ìyókù, òrùlé o, ẹ̀gbẹ́ o, bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé o, àwọn káfíńtà ilé ibí ló ń kàn án. Mercedes náà ò yàtọ̀, àfi pé òun wá pẹ̀lú orí onírin tiẹ̀. Látẹ̀yìn orí yẹn títí dé ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, iṣẹ́ Òǹdó ni, igi Òǹdó, ọwọ́ Òǹdó. Ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò kọjá lọ́rì bàbá mi lójú mi, mi ò pín in sí méjì. Ogún ló jẹ́ ká pín in.

Ẹ mọ bí ogún ṣe rí. Ilé ò le, ilé ní yàrá. Ilẹ̀ ṣeé wọ̀n. Lọ́rì ni kò ṣeé pín. Ìyá méjì ló bí wa, àwa mẹ́ta látọ̀dọ̀ ìyá mi, àwọn márùn-ún látọ̀dọ̀ ìyá kékeré, bẹ́ẹ̀ ìdí-igi ni àwa Yorùbá fi ń pín nkan, iye ìyàwó ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye orí ọmọ. Ẹjọ́ ẹ̀ tiẹ̀ wà nílẹ̀, Dawodu àti Danmole, ẹjọ́ Èkó, ọmọ mẹ́sàn-án látọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, wọ́n jà á títí ó fi dé Privy Council ní London, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, lọ́dún 1962, ìyẹn náà ní ìdí-igi ni, pé orí-ò-jorí, ìyẹn kí wọ́n fi iye ọmọ pín in, wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n olórí ẹbí ló lè ní ká lò ó tí ìjà bá fẹ́ dé. Ó dáa. Ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń fi ìdí-igi pín náìn-ẹlẹ́fìn. Ṣé ìdí kan á mú orí, ìdí kejì á mú bọ́dì?

Bọ̀dá mi àgbà ti rí ojútùú ẹ̀ ní tiwọn: ẹ pe àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Ọ̀kan wá lóòótọ́. Ó yí lọ́rì po, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ó wá ní irin nìkan lòun máa wọ̀n o, torí náà kí ẹbí bá òun tú gbogbo pákó ẹ̀yìn yẹn dànù kóun tó wá gbé e. Dànù! Inú bí mi gan-an, mo ní tó bá jẹ́ owó ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n sọ iye ẹ̀, èmi máa rà á lọ́wọ́ ẹbí. Ìyá kékeré ló dá sí i. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa tà á, kò sì sẹ́ni tó máa rà á. "Àbẹ̀kẹ́, tún un ṣe. Tó bá dún, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìdí méjèèjì. Ohun tó fi owó ilé ẹ̀kọ́ yín kalẹ̀ kọ́ la ó máa gbé lé òṣùwọ̀n." Bọ̀dá ní kò burú, àmọ́ kọ́bọ̀ wọn ò ní sí níbẹ̀. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sáré kúrò lórí ẹ́ńjìnì. OM 352 ni, sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sẹ́ńsọ̀, tí afẹ́fẹ́ mímọ́ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí dísù mímọ́ sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò ní ìdí tí kò fi ní dún. Ohun tó ṣe é ò ju pé ó ti pẹ́ nílẹ̀, omi ti wọ táǹkì, pọ́ọ̀ǹpù ti gan. Mẹkáníìkì tú pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ lórí ẹ̀rọ n'Ìbàdàn, wọ́n pààrọ̀ nọ́sùlù, wọ́n pààrọ̀ ríǹgì àti gáskẹ́ẹ̀tì. Pààtì tí mo ti ń rò pé á di ìran, mo dé Ọwọ́dẹ Onírin l'Ékòó, ọkùnrin tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí fóònù ẹ̀, ó ní "Ti Jámánì àbí ti Brazil?" Torí Mercedes ti ní iléeṣẹ́ ní São Bernardo do Campo láti 1956, àwọn náà ń ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí, ọjà méjèèjì ló wà nílẹ̀, ẹ yan èyí tápò yín ká. Ọjọ́ tá a fẹ́ dáná sí i, mẹkáníìkì ń fọwọ́ pọ́ọ̀ǹpù dísù, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń tú nọ́ọ̀tì ẹnu nọ́sùlù lọ́kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè jáde, ó kọ́kọ́ tú èéfín funfun, ó tú dúdú, ó wá gbé e, gbogbo àdúgbò jáde. Mẹkáníìkì wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé bàbá yín ò bí ọkùnrin ni?" Mo ní wọ́n bí i, òun ló fẹ́ tà á.

Àwọn tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀ ló fẹ́ dà mí láàmú ju ẹ́ńjìnì lọ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà lórí ìwé ò bá ti ara ẹ́ńjìnì mu, torí bàbá mi ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì nígbà kan láìsọ fún ìjọba (ta ló ń sọ?), a sì tún ní láti gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù gíga kí wọ́n tó lè yí orúkọ padà. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ńbà ṣásí tó wà lára irin, òun ò yẹ̀.

Bọ́dì wá kù.

Pákó ẹ̀gbẹ́ ni ikán ti jẹ, àwọn irin ìdè ti dípẹtà, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti já sílẹ̀ lápá kan. Gbogbo ẹni tí mo bi, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ lọ bá wẹ́dà, kó fi irin kàn án fún yín, ta ló tún ń fi pákó ṣe bọ́dì láyé ìsìn yìí. Wẹ́dà á sì tètè parí ẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́, iye tó dá lé mi ò pọ̀. Mẹkáníìkì yẹn náà ló sọ pé kí n tó fún wẹ́dà lówó, kí n kọ́kọ́ lọ rí bàbá kan lọ́nà sọ́mììlì, torí ọ̀gá ẹ̀ ló kan bọ́dì yẹn, wọ́n jọ kàn án ni.

Bàbá Káfíńtà ti dàgbà, eyín wọn ò pé mọ́, àmọ́ ojú wọn ríran. Ìgbà tí mo sọ orúkọ bàbá mi, wọn ò kí mi kú ọ̀fọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé "Ó ṣì jẹ wá lówó ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn." Mo san án. (Wọ́n gbà á, wọ́n kà á, wọ́n wá ní "Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá.") Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ lé mi wá sílé, wọ́n sùn sílẹ̀ sábẹ́ lọ́rì, wọ́n ní kí èmi náà wá wò ó.

Ohun tí wọ́n fi hàn mí lábẹ́ ibẹ̀ nìyí, mi ò sì rí i kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síbì kankan ní èdè wa. Irin gígùn méjì ni ṣásí, àwọn kéékèèké wá dábùú wọn bí àkàbà. Bàbá ní irin yẹn kò gan, àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kó gan. Tí táyà iwájú òsì bá wọ kòtò, tí tẹ̀yìn ọ̀tún sì gun òkúta, ṣásí á lọ́ra ẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà, ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá wá jó bọ́dì onírin mọ́ ọn gbọn-in gbọn-in, irin tó fẹ́ lọ́ àti irin tí ò fẹ́ lọ́, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ya. Igi ló mọ bá a ṣe ń bá ṣásí lọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ igi gígùn lé orí ṣásí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n tó to igi ìdábùú lé e, kí wọ́n tó wá to ilẹ̀ pákó lé ìyẹn, tí wọ́n á sì fi yúbóòtù, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, gbá gbogbo ẹ̀ mú láìlu ihò kankan sí ṣásí. "Ẹni tó bá lu ihò sí ṣásí," wọ́n ní, "ibi tó máa ti ṣẹ́ ló fi ìka hàn án yẹn."

Láti ọjọ́ yẹn, tí tipa bá wà níwájú mi nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, abẹ́ ẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ wò ó náà, ẹ máa rí ojú wẹ́dà lórí ojú wẹ́dà. Mi ò sọ pé bọ́dì onírin ò dáa o, tipa ò lè ṣe kó má lò ó, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì máa ń fi igi tàbí rọ́bà sáàárín. Ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún ò sọ̀rọ̀ igi kankan.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi. Bàbá ní igi apá fún ilẹ̀ àti ìdábùú, torí apá tó bá ti gbẹ kì í súnkì mọ́, ikán ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìrókò fún àwọn òpó. Ọmọ̀ fún ẹ̀gbẹ́, torí ó fúyẹ́. Òǹdó ni mo dàgbà sí, agbégilódò ló ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gedú tí èèyàn méjì ò lè gbá mọ́ra ni wọ́n ń wọ́ kọjá, mo wá ń kiri sọ́mììlì báyìí bí ẹni tó ń wá wúrà. Èyí tí wọ́n ní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni, tútù ni, omi ṣì ń jáde lára ẹ̀. Pákó tútù, tẹ́ ẹ bá kàn án mọ́ra lónìí tó pé régí, ẹ dúró kí ọyẹ́ fẹ́, ìka á gba àárín ẹ̀ kọjá.

Ibi tá a ti wá rí i ló jọ mí lójú jù. Bàbá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé ìkó-kòkó kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà lófìfo láti ìgbà tí ìjọba tú Cocoa Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, ká ní 1986. Òrùlé ẹ̀, apá ni, ìrókò ni, ó ti gbẹ láti bí ogójì ọdún. Bàbá mi ti já kòkó síwájú ilé yẹn rí, ó dá mi lójú, torí Board làwọn àti gbogbo onílọ́rì ń kó o fún nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n tú Board ká tán, tí oníkálukú ń ra kòkó kiri oko, ìgbà yẹn gan-an ni lọ́rì ò sinmi mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá kékeré ń sọ, àárín ọdún yẹn ló ti wá. A ra igi yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń wó o. Ní sọ́mììlì, ayùn dédé ké lórí ìrókò kan, eyín ẹ̀ fò, torí ìrókò a máa ní òkúta nínú, òkúta gidi tó ń hù sáàárín igi, oní-sọ́mììlì ní owó eyín ayùn wà lára ìṣirò. Mi ò bá a jà.

Bàbá ò lo ìwé àwòrán kankan. Téèpù wà lápò wọn, wọ́n sì ń lò ó, àmọ́ kí wọ́n tó gé igi ìdábùú àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n lọ wá àpò kòkó wá, tó kún. Wọ́n to wọn sílẹ̀ ní ìbú, wọ́n ti ọwọ́ bọ àárín wọn, wọ́n to wọn lórí ara wọn, ibi tó dé ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Bọ́dì ọkọ̀ ẹrù, ẹrù ló ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn ni mo gbà pé ẹni tó kọ 9 sára ọkọ̀ àti ẹni tó fi àpò kòkó wọn bọ́dì ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwé tàkọ́kọ́ wà ní Jámánì títí dòní, ti ìkejì wà lórí bàbá kan ṣoṣo tí kò ní ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tiwọn gan-an ń ṣe ìlẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù, owó ẹ̀ sì ń wọlé ju tiwọn lọ, kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ọmọkùnrin méjì tá a gbà ní sọ́mììlì láti máa gbé igi ló kọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fi fóònù ká a sílẹ̀, Bàbá ń bú u pé kó fọwọ́ di igi mú, kó yé fi fóònù di i mú.

Irin igun àti ìdè, alágbẹ̀dẹ ló rọ wọ́n, sípíríǹgì àtijọ́ ló fi rọ wọ́n. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ jókòó tán, wọ́n ní kí mẹkáníìkì wa lọ́rì gun orí òkìtì pẹ̀lú táyà iwájú kan ṣoṣo. Mo rí i lójú ara mi, orí ọkọ̀ fì sápá kan, bọ́dì tẹ̀ lé e díẹ̀, igi ń ké kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́, kò sóhun tó yẹ̀. Bàbá ò sọ nkan kan, wọ́n kàn ń bá iṣẹ́ lọ.

Kíkọ ara ẹ̀ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. KI LO N LE E ni bàbá mi kọ sí pákó ẹ̀yìn látọjọ́ tó ti pẹ́, fún àwọn tó máa ń fun fèrè lẹ́yìn wọn. Àbúrò mi ní kí n ṣe é ní sítíkà, ó máa ń mọ́lẹ̀ lálẹ́, ó sì dínwó. Mo wá átíìsì tó ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Kì í ṣe torí pé ti àtijọ́ ni, sítíkà kì í lẹ̀ mọ́ pákó ni, òjò kan ni tirẹ̀.

Ti Ògún náà wáyé. Bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n títí wọ́n fi kú, wọ́n sì ń ṣe ti Ògún lọ́dọọdún láìpe ẹnikẹ́ni. Mẹkáníìkì àti Bàbá Káfíńtà ní ọkọ̀ ò lè kúrò nílẹ̀ lásán, mo fún wọn lówó, mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi rà.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kòkó ló ń gbé lásìkò ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó nígbà tí kòkó ò bá sí, dírẹ́bà tá a gbà kì í sáré, dísù tó lé ní ẹgbẹ̀rún náírà fún lítà kan ní 2024 ló kọ́ gbogbo dírẹ́bà ní sùúrù. Owó tó bá wọlé, a yọ tàtúnṣe, ìdí méjèèjì pín ìyókù dọ́gba. Ìyẹn ò kúkú dá ìjà sílẹ̀. Yanrìn ló dá a sílẹ̀. Bọ̀dá mi tí kọ́bọ̀ wọn ò sí níbẹ̀ ti rí ẹnì kan tó ń kọ́lé, tó fẹ́ ká máa kó yanrìn fún òun lójoojúmọ́, owó ẹ̀ dáa, ọwọ́ kan ló sì máa ń san án. Mo lọ bi Bàbá Káfíńtà. Wọ́n ní yanrìn tútù á wọ gbogbo àárín pákó, omi ẹ̀ ò ní gbẹ, ṣọ́bìrì àwọn tó ń já a á sì fá ilẹ̀ ọkọ̀ tán kí ọdún tó yí po. Mo ròyìn ẹ̀ fún Bọ̀dá, wọ́n ní káfíńtà ò mọ iye tí ẹbí ń ná.

Ìpàdé ẹ̀ di ọjọ́ Sátidé. Ìyá kékeré ti ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da yanrìn sínú lọ́rì yẹn, òun á ti gbé àga òun jókòó sínú ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n da yanrìn lé òun lórí.